Ewúrẹ́ Inú Èrìgì Dáramọ́lá

Eyín iwájú Dáramọ́lá kan ń mì. Ká ní àgbẹ̀ lásán ni, ìyẹn ìbá sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ni afunfèrè ìjọ wọn ní Ọ̀kà, eyín iwájú ló sì ń ti ètè afunfèrè lẹ́yìn. Ìkórè ti kù sí dẹ̀dẹ̀, fèrè rẹ̀ ló sì máa ń ṣíwájú àwọn tó ń ru iṣu wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rù ń bà á, ká má parọ́.

Zipporah ìyàwó rẹ̀ ló fipá mú un gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ Dókítà Limota, oníṣègùn eyín ní Ìkàrẹ́.

“Dókítà, ẹ ò ní gúlù tẹ́ẹ lè fi lẹ̀ ẹ́?”

Dókítà yẹ ẹnu rẹ̀ wò. “Bàbá, ó pẹ́ tí ibí yìí ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Kí lẹ ṣe sí i?”

“Mo jẹ́ kó sinmi ni. Ta ní í fi orín ha egbò? Ibi tí kò ṣẹ̀jẹ̀ ni mò ń fọ̀.” Ó tiẹ̀ fi yangàn.

“Háà! Ibi tẹ́ẹ fi sílẹ̀ yẹn ni ìdọ̀tí kọ́lé sí. Nígbà tí ara yín rí kòkòrò inú rẹ̀, ó rán oníṣẹ́ jáde, àwọn èròjà tín-tìn-tín tó ń ké pe ọmọ ogun ara. Ọmọ ogun dé, ìjà bẹ̀rẹ̀. Ìdọ̀tí kò kúrò, oníṣẹ́ kò sì dákẹ́ igbe. Èrìgì wú, igbe náà sì jí àwọn òṣìṣẹ́ ara tó ń jẹ egungun tó di eyín mú. Ara yín fúnra rẹ̀ ló ń tú eyín yín.”

Ẹ̀rín ni Zipporah bú sí. “Dókítà, bó ṣe ń ṣe nílé náà nìyẹn! Ewúrẹ́ kan ṣoṣo wọ oko iṣu ẹ̀yìnkùlé wa. Dípò kí Bàbá Ẹwàolúwa yìí lé e, fèrè ló gbé! Gbogbo ọ̀dọ́ àdúgbò gbé àdá dé. Ewé díẹ̀ ni ewúrẹ́ jẹ, àwọn tó wá gbà wá ni wọ́n tẹ ebè fọ́. Oko di iṣu-atá-yán-an-yàn-an, ọkọ mi ṣì ń fun fèrè!”

Ojú ti Dáramọ́lá.

“Ó yé Màmá jù mí lọ,” ni Dókítà wí. “Ẹ lé ewúrẹ́ jáde, fèrè á dákẹ́.” Ó ha ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta kúrò. “Ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ gan-an ni kẹ́ẹ máa fọ̀, jẹ́jẹ́. Ẹ gbé fèrè tì títí di Ìkórè. Egungun tó ti lọ ò ní padà o, ṣùgbọ́n eyín náà lè dúró.”

Kò pẹ́ tí ewúrẹ́ ọ̀hún tún yọjú. Ọwọ́ Dáramọ́lá ti kan fèrè kó tó rántí. Ó fa ìgbálẹ̀ yọ, ó rọra lé e jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rọra fọ èrìgì rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ sì dá díẹ̀díẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìkórè, ó gbé fèrè sẹ́nu tẹ̀rùtẹ̀rù. Ohùn jáde gbọnrangandan! Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Orin kò tíì parí tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tí kì í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì fi já wọlé tàdátàdá.

“Bàbá, ewúrẹ́ ọ̀hún dà?”

Gbogbo eyín ni Dáramọ́lá fi rẹ́rìn-ín, títí kan èyí tó ń mì.