Iye Tí Mo Pe Ilé Bàbá Mi

Mo dúró ní pálọ̀ ilé bàbá mi ní Ìsẹ́yìn, mo ń sọ fún Alájà Sìfáwù pé látibẹ̀ títí dé Mẹ́kà, irú ilé yìí ò sí. Alájà fẹ́ rà á. Èmi náà gbọ́dọ̀ tà á, torí ògiri ti sọ fún mi láàárọ̀ pé tí oòrùn bá wọ̀ tí mi ò tíì tà á, òun máa jẹ mí.

Yàrá méjì àti pálọ̀ ni ilé ọ̀hún, páànù ẹ̀ ti dípẹtà. Mílíọ̀nù mẹ́rin ni wọ́n ń ta irú ẹ̀ ládùúgbò. Èmi pè é ní ogójì, torí ẹnu tèmi kì í gba nǹkan kékeré. Bí mo ṣe pè é báyìí, ògiri là, yàrá tuntun kan yọ, sìmẹ́ǹtì ẹ̀ ò tíì gbẹ. Alájà yọjú wò ó, ó ní ṣé ilé ìwẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ní ó pọ̀ ju ti ààfin lọ, mo sì tún fowó lé e. Yàrá ń yọ, òmíràn ń bí òmíràn.

Àwọn yàrá náà ò fẹ́ràn mi. Fèrèsé kan pòṣé. Àga kan ká ẹsẹ̀ ẹ̀ kò kí n má bàa jókòó. Ilé ìdáná pè mí ní òpùrọ́. Mo ní kó rọra, pé ẹnu yìí ló ta ewúrẹ́ olójú kan lówó ẹṣin méjì. À ń rìn lọ, ilẹ̀kùn ìta ń jìnnà sí wa, ó ti kéré bí èékánná. Sálúbàtà Alájà ti jẹ tán. Ó ní òun ò lè ra ibi tí òun ò lè jáde. Oòrùn ti ń pọ́n lójú fèrèsé.

A rìn títí, a tún bá ara wa ní pálọ̀. Igun pálọ̀ yẹn la sin bàbá mi sí, bí wọ́n ṣe máa ń sin ẹni tó bá kọ́lé. Mi ò sọ ìyẹn fún Alájà, ẹní ni mo tẹ́ lé e. Bàbá mi ti ẹní náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jáde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀ dànù. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó kí Alájà, ó ní èló lọmọ òun pè é. Alájà ní ó ti di igba mílíọ̀nù.

"Àdìgún," bàbá mi ní, "èmi tí mo kọ́lé yìí, mi ò mọ yàrá wọ̀nyí. O sì tún ka ibojì mi mọ́ ọn?"

Alájà ní òun ò mọ̀ pé òun àti òkú ló jọ máa gbé pálọ̀, pé kí n yọ mílíọ̀nù kan kúrò nínú iye tó jẹ́. Mo ní ṣe ló yẹ ká fi kún un, pé òkú bàbá mi níyì ju òkú ọba lọ. Òrùlé sọ̀kalẹ̀, ó bu apá ẹ̀wù mi jẹ.

"Pe iye tó jẹ́," bàbá mi sọ.

Oòrùn ku díẹ̀ kó wọ̀. Mo yọ ti òkú kúrò nínú mẹ́rin, mo pe mẹ́ta. Ó korò lẹ́nu mi bí ewúro.

Ni àwọn yàrá bá ń wọnú ara wọn bí abọ́ tí wọ́n ń tò síra. Ilé ń sún kì. Bàbá mi àti Alájà ti wà níta. Èmi nìkan ló kù nínú ẹ̀, òrùlé tẹ̀ mí lọ́rùn, orúnkún mi kan àgbọ̀n. Fèrèsé ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ibẹ̀ ni mo ti ń wò wọ́n.

"Mẹ́ta, mo gbà," Alájà sọ. "Èènì mi dà?"

Bàbá mi wò mí lójú fèrèsé.

"Ó wà nínú ẹ̀," ó ní.

Alájà tú gèlè ẹ̀, ó ká a ṣe òṣùká. Bàbá mi bá a gbé wa rù.