Afárá Méjì Lórí Kọ̀ǹpútà Kan

Wendell Haugen ò jẹ̀bi rí láyé. Ohunkóhun tó bá ti bàjẹ́ ní ọ́fíìsì wọn ní Duluth, ẹlòmíì ló bà á jẹ́. Lọ́sẹ̀ yìí, ó kan Marlys Tveit.

Ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ fún àwọn tó ń kó ọkà pamọ́. Kọ̀ǹpútà tó ń lo Unix ni wọ́n kọ àwọn ètò náà fún, bẹ́ẹ̀ èyí tó ń lo Windows ni àwọn oníbàárà ní, fáìlì kan ló wá wà láàárín tí wọ́n ń pè ní afárá. Afárá yìí ló ń ṣí yàrá kan sílẹ̀ nínú ìrántí kọ̀ǹpútà, kí gbogbo ètò tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ jọ máa lò ó. Òfin ibẹ̀ ò le rárá: kọ̀ǹpútà kan, afárá kan. Bí afárá tuntun bá pàdé ti àtijọ́, ètò tó kọ́kọ́ wọlé á ti ilẹ̀kùn mọ́ èkejì lójú. Wendell yìí kan náà ló ń fi òfin ọ̀hún dá gbogbo èèyàn lágara.

Láti ọjọ́ Ajé, bí Marlys bá ti gbé ètò tiẹ̀ dìde lórí kọ̀ǹpútà tí gbogbo wọn jọ ń lò, kíá, ètò náà ti kú. Lorraine Pelkey, ọ̀gá wọn, sì ti là á mọ́lẹ̀: bí kò bá ṣiṣẹ́ níwájú àwọn oníbàárà lónìí, dídà nù ni. Gbogbo ọgbọ́n orí Marlys ló wà nínú ètò yẹn.

"Marlys, ọ̀rẹ́ mi," Wendell pè é, dónọ́ọ̀tì kún ẹnu ẹ̀ bámú, "tèmi ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ o. Tìẹ ńkọ́? Ó tún ti sùn?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre."

"Ọ̀dẹ̀ kan ló gbé afárá kejì wọlé. Tó bá jẹ́ èmi ni ọ̀gá, gbogbo ètò ọ̀dẹ̀ yẹn ni mo máa pa rẹ́ lónìí!"

"Ọ̀gá, ṣé ẹ gbọ́?" Marlys kọjú sí Lorraine. "Ṣé ẹ fọwọ́ sí i?"

"Mo fọwọ́ sí i. Ẹ ṣe kíá, àwọn oníbàárà ti ń gòkè bọ̀."

Wendell ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé òun ti wá gbogbo inú kọ̀ǹpútà náà, òun ò rí ibi tí afárá kejì wà, Marlys sì gbà á gbọ́. Ẹ wo bí èèyàn ṣe ń gọ̀! Inú bí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a fúnra ẹ̀ lójú gbogbo wọn. Afárá méjì yọ: ọ̀kan níbi tó yẹ kó wà, èkejì nínú àpò fáìlì Wendell.

"Ẹ... ẹ gbọ́ ná," Wendell gbé dónọ́ọ̀tì sílẹ̀. "Mo kàn fi tèmi síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa fọwọ́ kàn án ni. Afárá yẹn nìkan ni kó o pa rẹ́, Marlys, jọ̀ọ́!"

"Ìwọ lo dájọ́," Lorraine dá a lóhùn. "Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Marlys, pa gbogbo ẹ̀ rẹ́."

Ó pa á rẹ́. Ó wá pe ètò tiẹ̀. Ètò náà dìde, kò sì kú mọ́.

Àwọn oníbàárà wọlé, wọ́n wo ètò náà títí, wọ́n ń mi orí pé ó dáa. Baba kan nínú wọn tó wọ búùtù béèrè pé, "Ta ló kọ eléyìí?"

Wendell ti sún mọ́ iwájú. "Ẹ ṣeun, sà. A jọ kọ ọ́ ni."

"Irọ́ ni," Marlys sọ. "Èmi nìkan ni mo kọ ọ́."