Ààyè Ọkọ̀ Márùn-ún

Márùn-ún. Kí ló dé tí kì í ṣe mẹ́ta? Kí ló dé tí kì í ṣe méje? Ta ló jókòó, tó ka ọkọ̀ tí kò tíì dé, tó wá ní ó pé?

Mo dúró sínú àgbàlá tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, mò ń fa ìlà ààyè ọkọ̀ sílẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ da iyanrìn sí káwọn ọmọdé máa ṣeré, ọkọ̀ kejì ti gbà á. Ẹ̀kẹta ti gba abẹ́ igi. Ìkarùn-ún… ìkarùn-ún á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn wọ yàrá tí wọ́n á ti máa sùn lọ́sàn-án. Jẹ́lé-ó-sinmi ni mo fẹ́ ṣí o, kì í ṣe gáréèjì.

"Láìsí ààyè ọkọ̀ márùn-ún, a ò lè buwọ́ lù ú, mà." Òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá yẹ ilé wò láàárọ̀ ló wí bẹ́ẹ̀, tó ń nu òógùn bí ẹni tó gbẹ́ kànga. Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Kò jẹ́ kí n ráyè bínú.

Ẹ̀gbọ́n mi náà tún wà ńbẹ̀… "Bí wọ́n bá gbé mọ́tò dí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò ńkọ́? Ṣé ìwọ lo máa tì í kúrò?" Òótọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ṣùgbọ́n — mọ́tò ta? Aránṣọ iwájú wa, ẹ̀yìn ló ń pọn ọmọ tiẹ̀ sí. Ìyá ìbejì, ńṣe ló ń fà wọ́n lọ́wọ́, ọ̀kan ń sunkún, èkejì ń jókòó sílẹ̀. Onímọ́tò yìí, irú èèyàn wo ni? Ṣé ó ga? Ṣé ó máa ń kí èèyàn? Àtàárọ̀ ni mo ti ń palẹ̀ mọ́ dè é, mi ò sì mọ ojú ẹ̀.

Bí mo bá kọ̀, ilẹ̀kùn ò ní ṣí. Bí mo bá gbà, ibo làwọn ọmọ á ti sáré? Ojú títì?

Ife tí òṣìṣẹ́ yẹn fi mu omi ṣì wà lórí àga. Ó mu ún tán, ó tún tọrọ òmíràn… Nígbà tó ń lọ, ó dúró lẹ́nu géètì. Kí ló tiẹ̀ ní? Mo rò pé ó kàn ń wá ọ̀rọ̀ sọ ni. "Mà, ṣé ẹ máa gba ọmọ ọdún méjì? Tèmi ò gbádùn ibi tó wà." Ó gbọn bàtà. Eruku bò ó dé kókósẹ̀ —

Họ́wù.

Ẹsẹ̀ ló fi wá. Oníbàárà mi àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹsẹ̀ náà ló sì máa fi gbé ọmọ ẹ̀ wá.

Mi ò tíì fa ìlà karùn-ún. Òṣìṣẹ́ náà ń bọ̀ wá wò ó lọ́la. Màá bu omi fún un, màá jẹ́ kó mu ún tán, màá wá bi í tìfẹ́tìfẹ́: "Ọ̀gá, nínú márààrún, èwo ni tiyín?"