Bàtà Tí Tiwátọ́pẹ́ Ò Fẹ́ Bọ́

Tiwátọ́pẹ́ Akínọ̀ṣọ́ kì í ṣe òpùrọ́, àmọ́ kó tó gbéra lọ sí Mẹ́síkò, ó pa irọ́ kan fún ìyá rẹ̀. Àwọn ìlú àtijọ́ ẹ̀yà Máyà ló fẹ́ lọ wò, àwọn tẹ́ńpìlì olókùúta tó ti dahoro sáàárín igbó. Màmá ti gbọ́ nípa ibẹ̀ lórí rédíò, wọ́n sì pè é láti Ṣàngótẹ̀dó.

"Wọ́n ní wọ́n máa ń yọ ọkàn èèyàn níbẹ̀ láyé àtijọ́, wọ́n á fi bọ òrìṣà. Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mi ò débẹ̀, Màmá. Etí òkun ni hòtẹ́ẹ̀lì wa wà. Bíìṣì nìkan ni mo ń lọ."

Irọ́ yẹn rọrùn ju kí ìjà mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ lọ, nítorí èyí tó wà nílẹ̀ kò tíì tán. Ìgbà tí Tiwátọ́pẹ́ kó lọ sí VGC, àdúgbò àwọn olówó l'Ékòó, ló fi ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n bí i sí sílẹ̀. Kò bá Ọlọ́run wọn jà o. Ẹsẹ̀ lásán ló sú u. Ẹni tó bá ti wọ sùtánà níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ bàtà, òun sì ti fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀, yanrìn gbígbóná àti àfọ́kù ìgò láti kékeré. "Mo ti rìn ín tó, Màmá," ló wí. Màmá ò pariwo lé e lórí. Wọ́n kàn dákẹ́, wọn ò sì fẹsẹ̀ tẹ ilé rẹ̀ ní VGC rí. Ìdákẹ́ yẹn dun Tiwátọ́pẹ́ ju èébú lọ.

Ìrìn jìnnà la fi ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ní Mẹ́síkò, Tiwátọ́pẹ́ rí alángbá tó tóbi tó ológbò, tó ń yáàrùn lórí ògiri ààfin ọba, tẹ́nikẹ́ni ò lé e. Ó rí igi àràbà, irú èyí tó wà ní abúlé ìyá rẹ̀ gan-an. Ọkùnrin tó ń mú àwọn àlejò kiri sọ pé igi ọ̀wọ̀ ni àwọn baba ńlá òun kà á sí. Tiwátọ́pẹ́ ya fọ́tò. Ká sọ tòótọ́, kò rí nǹkan bàbàrà kan nínú ọ̀rọ̀ náà. Òkúta ni òkúta ń jẹ́, oòrùn sì mú.

Nígbà tó yá, wọ́n dé ìdí tẹ́ńpìlì kan tí òrùlé rẹ̀ ti wó. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lọ sókè tààrà. "Ẹ lè gùn ún," ni ọkùnrin náà wí. Tiwátọ́pẹ́ dúró, ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì ń gòkè lọ.

Ó ti dé agbedeméjì kó tó mọ ohun tóun ṣe. Òkúta yẹn ti ń yáàrùn láti àárọ̀, ó gbóná bí agbada. Ọlọ́gbọ́n á ti padà sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin náà ké sí i láti ìsàlẹ̀ pé kò sẹ́ni tó ní kó bọ́ bàtà, àwọn àlejò yòókù sì ń yà á ní fọ́tò. Tiwátọ́pẹ́ gùn ún dókè, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Kó tó dalẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti lé ròrò.

Kò pẹ́ tó padà dé Èkó tí Màmá fi pè é.

"Mo fẹ́ dúpẹ́ pé o dé láyọ̀. Tó bá wù ọ́, wá bá mi wọ yàrá àdúrà."

Ohùn wọn rẹlẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Wọn ò pè é síbẹ̀ mọ́ látìgbà tó ti kúrò nínú ìjọ. Tiwátọ́pẹ́ fi báńdéèjì wé ẹsẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà kánfáàsì, ó wa ọkọ̀ lọ sí Ṣàngótẹ̀dó.

Ó bá Màmá nínú sùtánà. Aṣọ yẹn ní báàfù tirẹ̀ tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, kò sì sí ọmọ tí wọ́n bí tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ti tan àbẹ́là. Wọ́n ṣílẹ̀kùn yàrá àdúrà, wọ́n yẹ̀ fún un.

"Bọ́ bàtà rẹ, ká wọlé."

Tiwátọ́pẹ́ ò mira. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Tirẹ̀ ò tiẹ̀ pé oṣù kan.

"Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí, Màmá. Mo lè ṣe àmín láti ẹnu ọ̀nà."

Màmá wo bàtà náà. Ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì.

"Ó dáa. Mo ti gbọ́."

Wọ́n dá wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù ba Tiwátọ́pẹ́. Ó mọ ìyá rẹ̀, wọn kì í bẹ èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá fi lè tì, ó tì nìyẹn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó tú báńdéèjì.

"Màmá, ẹ wá wò ó."

Wọ́n padà jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ wò ó. Awọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó, omi ń sun lójú ibẹ̀.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Mo débẹ̀, mà. Ibi tẹ́ ẹ ní kí n má lọ. Mo bọ́ bàtà, mo gun tẹ́ńpìlì wọn."

"Ta ló ní kó o bọ́ bàtà?"

"Kò sẹ́ni. Wọn ò tiẹ̀ jọ́sìn níbẹ̀ mọ́."

"Kí ló wá dé?"

"Mi ò mọ̀. Mo rí i pé ilé àdúrà ni. Mi ò tiẹ̀ think ẹ̀, mo kàn bọ́ ọ ni."

Màmá yíjú sí àbẹ́là tó ń jó nínú yàrá.

"Láràárọ̀ ni mò ń tan àbẹ́là, tí mò ń bẹ Ọlọ́run kí omi má gbé ọ lọ. Àṣé orí òkúta lo wà."

Ojú ti Tiwátọ́pẹ́. Ó fẹ́ tọrọ àforíjì, àmọ́ Màmá ti jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lé itan, wọ́n ń fi etí sùtánà nu omi inú egbò náà.

"Màmá, aṣọ yín á dọ̀tí."

"Ọṣẹ wà nílé," ni wọ́n wí, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ kejì lé e.