Ládàání Tí Kò Lè Lo Ìbòmú

Kò sí ẹni tó ń gbé àdúgbò Ladi-Lak ní Èkó tí kò mọ ohùn Isiaq Àlímì, ládàání tó ń pe ìrun. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ohùn náà ti máa ń jáde láti mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà létí ọ̀nà ọ̀sà, á gba orí páànù kọjá, á sì bọ́ sójú omi. Àwọn apẹja Ìlàjẹ, tí wọn kì í ṣe Mùsùlùmí rárá, a máa sọ pé ìpè Bàbá Ládàání làwọn fi ń mọ ìgbà tó yẹ káwọn ti ọkọ̀ sómi. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé ẹni tó ní ohùn ńlá yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ní èémí. Láti kékeré rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni àyà rẹ̀ ti máa ń súfèé. Ásímà ni àwọn dókítà pè é. Bí ọyẹ́ bá fẹ́, tàbí tí ẹnìkan bá ń dáná sun pàǹtí ládùúgbò, á di kí ó jókòó, kí ó gbọ́wọ́ lé orúnkún, kí ó sì fa oògùn inú ike búlúù kan tí kì í kúrò lápò rẹ̀ sẹ́nu kí ó tó tún lè sọ̀rọ̀.

Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé. Ìrun tó ń pè nìkan ló kù tó ń mú un dìde kánkán láàárọ̀. Nítorí náà, nígbà tí kòrónà dé, tí ìjọba ti mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì pa, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Ó wá ń pe ìrun nínú pálọ̀ fún Rùkáyátù ìyàwó rẹ̀, àti Kausarat àbígbẹ̀yìn wọn, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn Igbóbì.

Ìgbà tí wọ́n kéde pé wọ́n fẹ́ ṣí mọ́ṣáláṣí padà, inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìkéde náà ní ìrù: ẹni tí kò bá bo imú kò gbọdọ̀ wọlé. Kausarat mú ìbòmú kan bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Isiaq fi í kọ́ etí, ó jókòó. Kò tíì pẹ́ tó ìgbà tí omi yóò fi hó tí ó fi já a kúrò lójú, tó ń mí gulegule.

"Ẹ máa fi kọ́ra díẹ̀díẹ̀ ni, Bàbá," Kausarat wí.

Ó fi kọ́ra lóòótọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ó tún un wọ̀. Bákan náà ló rí. Afẹ́fẹ́ tó mí jáde ló ń padà wọ̀ ọ́ nímú, ó gbóná, ó sì nípọn bí èéfín. Ó bá gbéra, ó lọ rí dókítà rẹ̀ ní Onípanu.

Ọ̀dọ́kùnrin ni Dókítà Adéjìmí, ara rẹ̀ sì yá mọ́ọ̀yàn. Ó gbé ẹ̀rọ lé Isiaq láyà, ó tẹ́tí, ó mirí.

"Bàbá, bó bá ń dí yín léèémí báyìí, ẹ má lò ó. Òfin ìbòmú kò mú ẹni tí kò lè mí dáadáa."

"Alhamdulilahi!"

"Ṣùgbọ́n ẹ má lọ sáàárín èrò o. Irú yín gan-an ni àrùn yìí ń wá kiri."

Isiaq wò ó títí. "Dókítà, níbi tí kò bá sí èrò, ta ni yóò béèrè ìbòmú lọ́wọ́ mi?"

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó họ orí. "Òótọ́ lẹ sọ o, Bàbá." Ibẹ̀ ló fi mọ, nítorí aláìsàn mìíràn ti ń kanlẹ̀kùn.

Bí Isiaq ṣe ń bọ̀ nílé, ó ń da ọ̀rọ̀ náà rò, ó ń tún un rò. Wọ́n yọ̀ǹda fún un, wọ́n sì tún dí i lọ́nà. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fún èèyàn ní bàtà tuntun tí wọ́n ní kó má ṣe jáde. Nígbà tó máa fi dé ilé, kò lè sọ bóyá ìròyìn ayọ̀ ló gbé bọ̀ tàbí ti ìbànújẹ́.

Rùkáyátù ní ayọ̀ ni. "Dókítà ti sọ̀rọ̀, ó tán. Ẹ máa lọ kírun yín."

Kausarat kò gbà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé ni, okùn ìbòmú ṣì sàmì sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ẹ̀yin gan-an lẹ nílò rẹ̀ jù, Bàbá. Bí àrùn yìí bá kan àyà yín, kí la fẹ́ ṣe?" Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Ṣé ásímà ló ń dí yín léèémí ni, àbí ẹ̀rù?"

Ìbéèrè yìí wọ Isiaq lára. Bí ọkàn bá ń já èèyàn tí àyà sì ń súfèé lẹ́ẹ̀kan náà, báwo ni yóò ṣe mọ èyí tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀?

Ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ pé. Ó wọ aṣọ funfun, ó fi imú sílẹ̀ gbayawu, ó lọ. Ameer ló wà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ọ̀dọ́ kan tí ìgbìmọ̀ fi sọ́nà, tó ń bu oògùn apakòkòrò sí àwọn èèyàn lọ́wọ́.

"Bàbá Ládàání, ìbòmú yín dà?"

"Dókítà ní kí n má lò ó. Èémí ò tó mi."

Ameer wo ọ̀tún, ó wo òsì. Èrò ti ń tò sẹ́yìn. "Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pe ìrun tí wọ́n ń gbọ́ dé Ṣómólú, ẹ̀yin lẹ ní èémí ò tó yín?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìkà kọ́, ṣùgbọ́n ó tó láti ti ojú àgbàlagbà. Isiaq na ọwọ́, ó gba ìbòmú kan lára àwọn tí Ameer kó sápò, ó sì wọlé.

Wọ́n gbà kó fà á sísàlẹ̀ àgbọ̀n nígbà tó bá ń pe ìrun. Ó dúró níwájú maíkì, ó ti ìka bọtí, ó lanu. Ohùn jáde. Ó mọ́, ó ga, ó dún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹyẹ tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àgò fún. Bó ṣe parí, ó rí ojú Ameer lẹ́nu ọ̀nà, ojú náà ń sọ pé: ṣẹ́ ẹ rí i? Isiaq fúnra rẹ̀ ṣiyèméjì. Ó ń bi ara rẹ̀ pé, "Àbí irọ́ ni mò ń pa fún ara mi látìgbà yìí?" Ó fa ìbòmú náà sókè, ó lọ dúró lórí àmì tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sílẹ̀.

Ìdúró àkọ́kọ́, ó rọ́jú. Nígbà tí wọ́n forí kanlẹ̀, aṣọ náà lẹ̀ mọ́ ihò imú rẹ̀. Ó dìde pẹ̀lú ìṣòro. Wọ́n tún forí kanlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, afẹ́fẹ́ kò wọlé mọ́. Ó já ìbòmú dànù, ikọ́ sì gbé e: ikọ́ líle, èyí tó ń ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, tó ń da omi lójú.

Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ìgbà tó gbójú sókè, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti ń bá a dúró láti ọdún gbọọrọ ti sún mọ́ ògiri, wọ́n di imú mú. Ẹnìkan tilẹ̀ ti gba ojú fèrèsé jáde, ó fi bàtà sílẹ̀. Lèmọ́mù, Àlùfáà Khàlíl, yára sálámà láti parí ìrun, ó sáré wá, ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dúró. Ó na ọwọ́, ó fà á padà, ó tún nà án. Isiaq fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ike búlúù lápò, ó fà á sẹ́nu, ó sì jókòó síbẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ti ṣófo yí i ká.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí gbogbo Ladi-Lak fi ń sọ pé Bàbá Ládàání ti kó kòrónà. Ìyá Delight tó ń ta búrẹ́dì gbé búrẹ́dì sórí àpótí fún Rùkáyátù, ó sì fẹ̀yìn rìn padà. Kausarat mú bàbá rẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ti òwú bọ̀ ọ́ nímú títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èsì dé: kò ní in. Rùkáyátù rìn káàkiri àdúgbò, ó ń kéde rẹ̀ lójúlé dé ojúlé. Àwọn kan ní Olúwa ṣeun. Àwọn mìíràn ní kí ló wá dé tí kò fi lo ìbòmú. Àwọn kan náà ló sì ń bínú pé kí ló dé tó lò ó nígbà tó mọ̀ pé èémí òun kò dára. Isiaq jókòó sílé, kò mọ èyí tí ì bá ṣe tí wọn kò fi ní bú u.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Lèmọ́mù wá kí i, òun àti Ameer. Wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ameer dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Mo rò pé ẹ kàn ò fẹ́ lò ó ni. Ó ṣì ń rú mi lójú o. Báwo ni ohùn ṣe ń jáde bẹ́ẹ̀ tí èémí ò tó?"

"Dìde, ọmọ mi," Isiaq dá a lóhùn. "Ó ń rú èmi náà lójú. Bí mo bá ń pe ìrun, ńṣe ni inú mi ń ṣí. Bí mo bá bo ẹnu, á tì pa. Mi ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Lèmọ́mù tún ìjókòó ṣe. "Bàbá, yàrá òkè yẹn tí a ń kó ẹní sí, a ti gbá a. Ó ní fèrèsé méjì. A máa fa wáyà maíkì gòkè. Ibẹ̀ lẹ ó ti máa pe ìrun, ibẹ̀ lẹ ó sì ti máa kí i. Ẹ ò ní bomú, ẹnikẹ́ni ò sì ní sún mọ́ yín."

Isiaq rò ó. "Lèmọ́mù, ṣé ẹ ń gbé mi ga ni, àbí ẹ ń tì mí jáde?"

Àlùfáà Khàlíl wolẹ̀ kó tó dáhùn. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò mọ orúkọ tí mo lè pè é. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ kú, mi ò sì fẹ́ kí ohùn yín dákẹ́."

Isiaq gbà.

Ó lé ní ọdún kan tó fi wà lókè yẹn. Láti ojú fèrèsé, orí fìlà nìkan ló ń rí, àti bíńtín lára ọ̀sà. Bí wọ́n bá ṣe "Àmín" nísàlẹ̀, òun náà á ṣe é lókè, ẹnikẹ́ni kì í gbọ́. Àwọn kan ní ìgbéraga ti wọ̀ ọ́, pé ó ti di ẹni tó ń kírun lórí èèyàn. Àwọn kan ń káàánú rẹ̀. Ìgbà mìíràn á ronú pé inú ẹ̀wọ̀n lòun wà. Ìgbà mìíràn, bí atẹ́gùn ọ̀sà bá fẹ́ wọlé, tí àyà rẹ̀ sì dákẹ́ jẹ́ẹ́, á rò pé kò síbi tó tún dára tó ibẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìbòmú rọlẹ̀, Lèmọ́mù ránṣẹ́ pé kó sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Isiaq dé àárín ìlà ìrun, ó bá ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò mọ̀ rí níbi tó máa ń dúró sí. Isiaq dúró, ó ń wo àtẹ̀gùn, ó ń wo ẹní. Ọ̀dọ́kùnrin náà rí i, ó sún fún un. Isiaq wọ àárín wọn, èjìká kan èjìká.

Nígbà tó délé, Rùkáyátù béèrè pé báwo ni ibẹ̀ ṣe rí.

"Ó dára," ó dáhùn. Ó bọ́ fìlà, ó jókòó, ó tẹ́tí sí àyà ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Wọ́n pọ̀ o. Mo gbàgbé pé wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ẹ ó padà sókè ni?"

Isiaq wò ó bí ẹni tí wọ́n béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìlú tí kò dé rí. "Mi ò tíì mọ̀, Rùká. Fún mi lómi mu ná."