Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Ṣí Ọmọrí

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló dá àbá náà, èmi ni mo sì fi ìbínú gbà á. Ó ní kí Bàbá yan ìhà ẹlẹ́dẹ̀ fún wa lọ́jọ́ Sátidé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìsí ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́, láìsí ẹni tí yóò rán an létí ohunkóhun. Bó bá yan án yọrí, òun kò ní sọ ọ́ mọ́ pé òun fẹ́ mú un lọ sílé òun. Kí Bàbá máa dá gbé inú ilé rẹ̀ lọ. Bí kò bá yan án yọrí, yóò bá òun lọ lọ́jọ́ kejì. Yàrá ti wà nílẹ̀ fún un, wọ́n tiẹ̀ ti kùn ún lọ́dà.

"Ṣé o gbà bẹ́ẹ̀?" ló bi mí.

"Mo gbà. Ẹ lọ fi yàrá yẹn gba àlejò."

Ẹyin lohùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀. Bí ohun kan bá wà tí Bàbá wa kò lè gbàgbé láyé yìí, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ yíyan ni. Wẹ́dà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Òun fúnra rẹ̀ ló la àgbá epo sí méjì, tó jó ẹsẹ̀ mẹ́rin mọ́ ìdajì kan, tó fi ìdajì kejì ṣe ọmọrí, tó tún gé ilẹ̀kùn kékeré sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n á ti máa ki èédú bọ̀ ọ́. Ààrò náà dàgbà jù mí lọ. Ìyá wa máa ń sọ pé bí òun bá kú, ààrò yẹn ni ọkọ òun máa fi ṣe ìyàwó. Ìyá wa kú lóòótọ́, Bàbá kò sì fẹ́ ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n nǹkan ti ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. Ó gbé omi kaná, ó jókòó tì í títí ìkòkò fi jóná, ó wá ń bi wá pé ta ló gbé ìkòkò síbẹ̀. Ó jáde lọ ra búrẹ́dì níwájú ilé báyìí, ẹni ẹlẹ́ni ló fà á lọ́wọ́ wálé. Nígbà mìíràn ó máa ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pè mí, màá sì jẹ́ ẹ, nítorí kí ni kí n ṣe? Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi, ó mọ orúkọ tí àwọn dókítà ń pe irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Télọ̀ lèmi. Bí aṣọ bá ya, ohun tí mo mọ̀ ni kí n lẹ̀ ẹ́, kì í ṣe kí n gbé e kúrò nílé onílé. Bàbá ló sọ mí ní Abẹ́rẹ́, kì í sì í ṣe tìtorí iṣẹ́ mi nìkan, ẹnu mi náà mú.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ rẹ̀ dé. Awakọ̀ tírélà ni Bùọ̀dá, ọkùnrin tó fẹ́ràn ẹran débi pé bí wọ́n bá ń fi ẹran dán ìgbàgbọ́ wò, kò sí ẹ̀sìn tí kò ní ṣe. A bá Bàbá nídìí tábìlì kíṣìnì. Ó ti fọ ìhà ẹlẹ́dẹ̀ méjì gbọọrọ, ó tẹ́ wọn sínú àwo pẹrẹsẹ. Ó fi ẹnu ọ̀bẹ wá ibi tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ẹ̀yìn egungun ti bẹ̀rẹ̀, ó fi àkísà dì í mú kó má baà yọ̀, ó sì fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Awọ náà bọ́ wẹ́rẹ́ bí ìbọ̀sẹ̀. Ó da iyọ̀, ṣúgà pupa, ata gígún àti àlùbọ́sà gbígbẹ pọ̀, ó fi pa ẹran náà lára níwá lẹ́yìn. Kò lo ṣíbí kankan, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló fi ń wọn gbogbo rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó fi aṣọ funfun bo àwo náà kí iyọ̀ lè wọ ẹran lára.

Mo fi ìgúnpá gún ẹ̀gbọ́n mi. "Ṣé ẹ rí ọwọ́?"

"Mo rí i," ló wí. Ojú rẹ̀ kò dùn, kò sì korò.

"Ẹ jáde fún mi," ni Bàbá wí láìbojú wẹ̀yìn. "Ẹ dúró lé mi lórí bí ọlọ́pàá."

A kó ara wa lọ sí pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ wọ kíṣìnì títí oúnjẹ yóò fi délẹ̀, kí ẹnì kan má baà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé a ràn án lọ́wọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Mo fẹ́ kí ó yege láìsí àríyànjiyàn.

Láti ojú fèrèsé, a rí i tó dáná sí èédú, tó dúró títí eérú fi bò ó fẹ́ẹ́rẹ́. Ó wọ́ gbogbo ẹ̀yinná náà sí apá kan, ó gbé abọ́ omi sí apá kejì, nítorí òkè omi ni ìhà máa ń sùn sí, kì í ṣe lórí iná. "Iná kì í yan ìhà," ni Bàbá máa ń sọ, "èéfín ló ń yan án." Ó ju igi ọsàn gbígbẹ díẹ̀ lé ẹ̀yinná. Lẹ́yìn náà ó wọlé wá gbé ẹran, àwa náà sì kúrò lójú fèrèsé lọ jókòó. A gbọ́ tí fíríìjì ṣí, a gbọ́ tó padé. A gbọ́ omi ẹ̀rọ. A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń padà sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́yìn náà a gbọ́ ọmọrí: gbàm̀!

Bùọ̀dá pàtẹ́wọ́. "Ó ti lé e!"

Nílé wa, bí ọmọrí yẹn bá ti balẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i mọ́. Bàbá gbà pé gbogbo ìgbà tí èèyàn bá yọjú wo ẹran, ooru tó bá sá jáde kì í padà wálé. Òun pàápàá kì í ṣí i. Ẹnu ihò èéfín ló máa ń na àtẹ́lẹwọ́ sí, ìyẹn á sọ fún un bí inú ṣe gbóná tó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá wa ṣí i lẹ́ẹ̀kan péré. Bàbá kò bínú. Ó kàn dìde, ó gbé àga rẹ̀ fún un, ó ní kó jókòó máa yan án lọ níwọ̀n ìgbà tó ti di ọ̀gá.

Nítorí náà, a ò sún mọ́ ibẹ̀. Bàbá jókòó ti ààrò rẹ̀. Bí èéfín bá ki jù, á dìde, á ṣí ihò díẹ̀ sí i. Bó bá di fẹ́lẹ́ tó ń fà lọ sókè jẹ́jẹ́, á mi orí. Ó ń ti ẹ̀gbẹ́ ki èédú bọ̀ ọ́, kò pọ̀ jù, kò kéré jù. Mo ń wò ó, inú mi ń dùn, mo sì ń wo ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni tó ti jẹ tẹ́tẹ́.

"Ẹ gbọ́ òórùn!" ni Bùọ̀dá wí, ó gbé itọ́ mì. "Ó ti ń ta sánsán."

Mo ní mo gbọ́ ọ. Mo tiẹ̀ ní ọ̀rá ti ń kán sómi. Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í yára yin nǹkan pàápàá fa afẹ́fẹ́ símú, ó ní ata yẹn ti wọ̀ ọ́ dáadáa. Obìnrin tó ń gbé ẹ̀yìn ògiri wa nahùn sí Bàbá pé, "Ẹ má gbàgbé mi o! Òórùn yín ti lé mi kúrò nínú ilé."

"Ó ń bọ̀," ni Bàbá dá a lóhùn.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán àwọn ẹlòmíràn, ebi ti ń pa wá, ẹ̀gbọ́n mi wá jókòó tì mí. Ó ń fi ìka ká etí aṣọ rẹ̀. "Bí fóònù bá ti dún níbi iṣẹ́, àyà mi á já. Mo máa ń rò pé wọ́n fẹ́ sọ fún mi pé mọ́tò ti gbá a." Ó yíjú sí mi. "Má rò pé mo fẹ́ borí rẹ. Mo fẹ́ kó yege. Ọlọ́run gbọ́, mo fẹ́ kó yege."

Mo fọwọ́ lé e léjìká.

"Ẹ máa bọ̀ o!" ni Bàbá ké láti ẹ̀yìnkùlé.

A kó àwo, a sáré jáde bí ọmọdé. Bàbá ti fọwọ́, ó ti dé fìlà. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣí ọmọrí.

Irin ààrò mọ́ tónítóní. Kò sí ẹran lórí rẹ̀. Abọ́ omi nìkan ló wà nísàlẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán.

Bùọ̀dá dúró tòun ti fọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Èèyàn dáadáa ni, ó gbìyànjú. "Bàbá, àbí ológbò ló gbé e lọ?"

"Ológbò wo ló máa gbé ẹran tán, tó tún máa rántí pa ọmọrí dé?" ni Bàbá wí. Ó na ọwọ́ sórí irin gbígbóná náà bí ẹni tó fẹ́ wá nǹkan lórí rẹ̀, mo sì gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

Mo sáré wọ kíṣìnì. Àwo náà wà lórí tábìlì lábẹ́ aṣọ funfun, bó ṣe fi í sílẹ̀. Mo ṣí i. Ìhà méjèèjì sùn síbẹ̀, ata pọ́n lára wọn, wọ́n tutù nini. Mo bú sẹ́kún. Mo fi aṣọ tí wọ́n fi bo ẹran nu ojú, ata ta mí lójú, ẹkún wá di méjì.

Nígbà tí mo gbé àwo náà jáde, ìbínú ni mo fi bá wọn sọ̀rọ̀, n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi ṣe. "Ta ni kò gbọ́ òórùn nínú wa? Bùọ̀dá, ẹ ní ó ń ta sánsán. Èmi ní ọ̀rá ń kán. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ ní ata ti wọ̀ ọ́! Ata wo? Ṣé wọ́n máa kó gbogbo wa lọ sí yàrá yẹn ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi tó borí ti kọ ẹ̀yìn sí wa, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Abẹ́rẹ́, ó tó," ni Bàbá wí jẹ́jẹ́. "Iná ṣì dáa. Gbé e lé e."

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé e lé e, Bàbá."

"Ìwọ ni mo ní kó o gbé e lé e."

Mo gbé e lé e. Ó ní kí n da egungun kọ ìsàlẹ̀. Ó ní kí n sún un jìnnà síná díẹ̀ sí i, kí n bu omi kún abọ́. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ. Mo pa ọmọrí dé, ó sì jókòó sórí àga rẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, kò wo èéfín.

"Nọ́ọ̀sì," ló pe ẹ̀gbọ́n mi. "Yàrá tí ẹ kùn yẹn. Ṣé ó ní fèrèsé?"

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú padà, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Bàbá ń dúró de èsì, ojú rẹ̀ ń lọ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi.

"Ó ní, Bàbá," ni mo dáhùn, èmi tí n kò tíì fẹsẹ̀ tẹ yàrá náà rí. "Ó tóbi dáadáa."