Ẹ̀kọ́ Àìkíni

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni Ìyá Ìlànà lò lókè òkun, ló bá padà dé, ló ní kò sẹ́ni tó mọ̀wà á hù nílé iṣẹ́ bàtà. Kọ́ọ̀sì ni wọ́n rán an lọ ṣe, kọ́ọ̀sì lórí bí èèyàn ṣe ń bá ará ilẹ̀ òkèèrè ṣòwò. Ó mú sátífíkéètì bọ̀ láti ibẹ̀, ó kó o sínú férémù aláwọ̀ wúrà, ó sì gbé e kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, níbi tí ẹni tó bá wọlé ò ti lè ṣe kó má rí i. Bí o bá ṣe bí ẹni tí kò rí i, á wúkọ́. Bí o bá tún ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, á ní kó o bá òun tún férémù náà ṣe, ó ti wọ́.

Òun ni alábòójútó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, nítorí náà kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ sá fún un. Àwọn àlejò ńlá kan ń bọ̀ wá rajà, àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá bọwọ́ lùwé, bàtà tí wọ́n máa rán kò ní í tán lọ́wọ́. Bí wọn ò bá bọwọ́ lùwé, ìdajì àwọn tó wà ní yàrá ìránbàtà máa lọ jókòó sílé. Gbogbo èèyàn ló mọ èyí. Ohun tí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló mọ̀ ni pé Ọ̀gá Àgbà ti ṣèlérí ipò igbákejì fún Ìyá Ìlànà bí ọ̀rọ̀ náà bá yọrí sí rere. Ìyá Ìlànà ti yọ́ lọ wọn fèrèsé ọ́fíìsì igbákejì náà, kó lè mọ iye kọ́tìnnì tó máa gbà.

Ló bá kó wọn jọ sí yàrá ìjẹun, ó dúró sórí àpótí. "Ẹ máa wo èèyàn lójú. Tẹ́ ẹ bá bọ èèyàn lọ́wọ́, ẹ dì í mú, kì í ṣe bí ẹni mú ẹja. Ẹ má béèrè ilé, ẹ má béèrè ọmọ. Orúkọ la ó máa fi pe ara wa, àǹtí ò sí, bùrọ̀dá ò sí. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ sọ pé rárá, ẹ sọ pé rárá, kẹ́ ẹ panu mọ́."

Awakọ̀ ilé iṣẹ́ nawọ́ sókè. "Tó bá wá jẹ́ pé bàbá ìyàwó mi ni mo pàdé ńkọ́?"

"Ilé iṣẹ́ ni mò ń sọ, mi ò sọ̀rọ̀ ilé àna."

"Bàbá ìyàwó mi ló ń ṣọ́ géètì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àga fi ń dún. Ìyá Ìlànà ní kí awakọ̀ fi orúkọ pe bàbá náà. Awakọ̀ ní kí ó jọ̀ọ́, ìyàwó kan ṣoṣo lòun ní.

Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni Àǹtí Abẹ́rẹ́, olórí yàrá ìránbàtà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyá Ìlànà ni. Òun ló bá a bẹ àwọn ọ̀gá kó tó ríṣẹ́ níbẹ̀, òun náà ló pọn àkọ́bí rẹ̀ nígbà tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ àṣálẹ́. Bí obìnrin yìí bá wọlé láàárọ̀, kò ní í jókòó láìjẹ́ pé ó ti kí tàgbà tèwe: ẹsẹ̀ tó ń dùn ẹ́ ńkọ́, ṣé ọmọ ti ṣe ìdánwò ẹ̀, ṣé onílé ti tún òrùlé ṣe? Wọ́n ní kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà tí kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òfófó.

Lọ́jọ́ kejì, ó yà sí ọ́fíìsì Ìyá Ìlànà bó ṣe máa ń ṣe. "Ìyàwó mi, o káàárọ̀ o. Àbúrò mi ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Akọ̀wé méjì wà níbẹ̀. Ìyá Ìlànà wo àwọn akọ̀wé, ó wo sátífíkéètì. Ó bá fi orúkọ gidi, èyí tí ìyá tó bí Àǹtí Abẹ́rẹ́ sọ ọ́, pè é gbàǹgbà. "Iṣẹ́ ni ká sọ," ló ní.

Àwọn akọ̀wé ṣíwọ́ ìwé títẹ̀. Nínú ilé ọkọ Ìyá Ìlànà lọ́hùn-ún, ajá gan-an ò jẹ́ fi orúkọ pe obìnrin yẹn.

"Èmi lò ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ ni," Ìyá Ìlànà dáhùn, ó tẹjú mọ́ ọn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. "Lọ́jọ́ tí àwọn àlejò bá dé, yàrá òwú ni kó o wà. Mi ò fẹ́ kí ìkíni ẹ lé wọn lọ."

Àǹtí Abẹ́rẹ́ rọra pa ilẹ̀kùn dé nígbà tó ń jáde. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí ọkọ Ìyá Ìlànà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ̀gbọ́n mi tó tọ́ mi dàgbà?" Ìyàwó ní kó má bínú, òwò ni, kì í ṣe ìjà. Ọkọ ní òun ò mọ̀ pé wọ́n máa ń ta ẹ̀gbọ́n nínú òwò.

Àwọn àlejò dé lóòótọ́. Mẹ́ta ni wọ́n, pẹ̀lú ògbufọ̀ wọn. Obìnrin gíga kan tí irun rẹ̀ ti funfun ni olórí wọn. Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ débi tí báàgì èjìká ẹ̀ fi já bọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ ní èdè wa bí ẹni tó ń gbé oògùn mì: "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé àlàáfíà ni? Ilé ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Ara ò le bí?"

Ọ̀gá Àgbà, tó ti fi ọjọ́ mẹ́ta fi ìwojú dánra wò níwájú dígí, ranjú mọ́ ọn bí ọlọ́pàá. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbọ̀n ọ́n títí ẹ̀gbà ọrùn obìnrin náà fi ń dún, ó pè é lórúkọ, ó ní, "Ó dáa. Iṣẹ́ yá." Obìnrin náà fọwọ́ ti ìbàdí, ó rọra dìde.

Ẹnì kejì wọn fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹ̀bùn kan fún akápò. Akápò rántí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ní, "Rárá," ó sì panu mọ́. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń gé awọ, ẹnì kẹta bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń gé awọ, ó ní, "Ìyá yín ńkọ́?" Ọmọbìnrin náà wo ojú ẹ̀ gan-an. "Ọ̀rọ̀ ìdílé mi nìyẹn," ló ní, ló bá ń gé awọ rẹ̀ lọ.

Ìyá Ìlànà rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sí ẹni tó kùnà. Ó tiẹ̀ ń rò ó lọ́kàn pé kọ́tìnnì aláwọ̀ búlúù ló máa bá àga igbákejì yẹn mu.

Nígbà tí wọ́n jókòó sí yàrá ìpàdé, àwọn àlejò ń wolẹ̀, àwọn onílé ń wo àlejò. Níkẹyìn, olórí àlejò bá ògbufọ̀ sọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ ní, "Wọ́n ní kí ẹ má bínú. Wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ kí àgbà ilé yìí kí ọ̀rọ̀ òwò tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn nìyẹn."

Ìyá Ìlànà ló yára dáhùn. "Kò sí àgbà níbí. Dọ́gbadọ́gba ni gbogbo wa."

Ògbufọ̀, tó jẹ́ pé èèyàn ló bí i, wò ó. "Ṣé kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an."

Àgbà kò sí, ìlú bàjẹ́: òwe tí ọmọdé mọ̀ nìyẹn, àmọ́ kò sí nínú kọ́ọ̀sì. Olórí àlejò gbọ́ ìtumọ̀ náà, ó ti báàgì rẹ̀ pa. Ó ní ilé tí kò bá ní àgbà, ta làwọn máa rí lọ́jọ́ tí ìjà bá dé? Ó ní àwọn máa lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì lọ rò ó. Ẹni tó bá sì sọ nínú òwò pé òun ń lọ rò ó, ẹ̀yin náà ẹ ti mọ ibi tó ń lọ.

Ọ̀gá Àgbà fa Ìyá Ìlànà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òógùn ti bo ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ dà?"

Eré ni Ìyá Ìlànà sá dé yàrá òwú. Àǹtí Abẹ́rẹ́ jókòó sórí páálí, ó ń ṣa òwú dúdú kúrò lára òwú pupa.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí, àwọn àlejò ti fẹ́ lọ!"

Àǹtí Abẹ́rẹ́ dìde. Ó wo ojú rẹ̀ kòrókòró. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó dì í mú dáadáa, kì í ṣe bí ẹni mú ẹja. Ó fi orúkọ pè é, orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò fi pè é rí láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Ó ní, "Rárá." Ó bá panu mọ́, ó padà jókòó sídìí òwú.

Ìyá Ìlànà ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó le tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó kúnlẹ̀ sáàárín òwú, kò tiẹ̀ rántí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Ẹ má wo tèmi. Ẹ wo àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ. Ìdajì wọn ni wọ́n máa lé lọ. Mo ti ṣe ohun tí kò dáa, Àǹtí mi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

"O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é." Àǹtí Abẹ́rẹ́ gbé òwú sílẹ̀. "Mo pọn ọmọ ẹ títí ẹ̀yìn mi fi bó. O pè mí lórúkọ lójú akọ̀wé bí ẹni pe ọmọ ọ̀dọ̀. Ó dùn mí. Mo délé, mi ò lè jẹun." Ó nu ojú, ó gbọn òwú kúrò lára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Dìde. Torí àwọn tó ń rán bàtà ni mo ṣe ń lọ, kì í ṣe torí kọ́tìnnì ẹ."

Ẹnu ya Ìyá Ìlànà pé ó mọ̀ nípa kọ́tìnnì.

Ẹsẹ̀ kan olórí àlejò ti wà nínú ọkọ̀ nígbà tí ohùn Àǹtí Abẹ́rẹ́ bá a. "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi! Ẹ kú ọ̀nà jíjìn! Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ibùsùn hòtẹ́ẹ̀lì yẹn ò le jù? Ìyá yín tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ńkọ́?" Ògbufọ̀ ò rí àyè mí. Ojú obìnrin náà là bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀ lọ́jà àjèjì. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá òun ní orúnkún ni, òun ò tiẹ̀ fẹ́ wá tẹ́lẹ̀. Àǹtí Abẹ́rẹ́ ní há à, ó fà á lọ́wọ́ wọlé, wọ́n jókòó ti ọ̀rọ̀ orúnkún náà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí oòrùn fi máa kan orí, wọ́n ti bọwọ́ lùwé.

Bí àwọn àlejò ṣe ń lọ, wọ́n yà sí ọ́fíìsì Ìyá Ìlànà. Olórí wọn rí férémù tó wà lára ògiri, ó pariwo. Olùkọ́ kan náà ló kọ́ àwọn náà! Ó kọ́ ẹ̀yìn òkun ní ìwà ilé, ó kọ́ ilé ní ìwà ẹ̀yìn òkun, ó gbowó lọ́wọ́ tọ̀tún tòsì. Ẹ bá mi kí i o, òun gan-an ló mọ òwò òkèèrè í ṣe.

Láyé àtijọ́, bí Ọ̀gá Àgbà bá ní ìròyìn burúkú fún èèyàn, á jókòó, á béèrè ọmọ, á pòwe, á tún òmíràn pa, títí ìwọ fúnra ẹ á fi bá a sọ ohun tó fẹ́ sọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ó wo Ìyá Ìlànà lójú, ó sì pè é lórúkọ.

"O ò ní í rí ipò igbákejì. Àwọn àlejò ní àwọn ò lè bá ẹni tó ní òun ò ní àgbà ṣe pọ̀. Ó parí." Ó sì lọ.

Ìyá Ìlànà ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣebí òun ló kọ́ ọ. Ó jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán, omijé ń bọ́ sórí bébà tó wà níwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wọlé wá béèrè pé kí ló dé. Òfin rẹ̀ ni wọ́n ń pa mọ́.

Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn ṣí. Àǹtí Abẹ́rẹ́ wọlé, kò wo ògiri. Ó fa àga, ó jókòó, ó tú okùn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ìyàwó mi, o kú ìrọ̀lẹ́ o. Àbúrò mi ńkọ́? Ọmọ tó ń wúkọ́, ṣé ó sùn lánàá? Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́, ṣé o ti jẹun?"

Ìyá Ìlànà fẹ́ dáhùn, ẹkún ò jẹ́.

"Dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan," Àǹtí Abẹ́rẹ́ wí. "Mi ò kánjú."